Kíka Ojú Odò Tó Gbẹ: Ọjọ́ Mẹ́fà Láàárín Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Ògbèsè

Ìparí oṣù Èrèlé la mú. Ọyẹ́ ti ń lọ, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì dé, ojú odò wà ní gbangba. Ohun tí à ń wá ni bí odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ṣe ń to yanrìn, òkúta àti amọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àti bí ẹni tó bá débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ṣe lè mọ ohun tí àgbàrá ṣe níbẹ̀. Aṣálẹ̀ ni wọ́n ti ṣèwádìí irú odò yìí jù: Negev ní Ísírẹ́lì, Arizona ní Amẹ́ríkà, Namib ní Nàmíbíà. Àkúrẹ́ kì í ṣe aṣálẹ̀, òjò ibẹ̀ lọ́dún ju mílímítà 1,300 lọ. Síbẹ̀, àwọn odò kéékèèké tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara àpáta Ìdànrè máa ń gbẹ kanlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orí àpáta wọn sì wà ní ìhòòhò bí òkè aṣálẹ̀. Àgbàrá wọn ń dé wàrà, ó ń lọ wàrà. Ibi tí wọ́n ti bá odò aṣálẹ̀ mu, àti ibi tí wọ́n ti yà á sílẹ̀, la lọ wò.

Kí ẹni tó fẹ́ ka ojú odò fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tó wà lójú yanrìn, omi tó ń kú lọ ló fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àgbàrá ṣe nígbà tí agbára rẹ̀ pé wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbẹ́lẹ̀, ìrọ̀lẹ́ àgbàrá nìkan ló máa rí kà.

Ọjọ́ kìíní, Ajé: Àkúrẹ́

Ẹrù la fi àárọ̀ tò. Ṣọ́bìrì méjì, ọ̀kan ẹlẹ́nu títẹ́, ọ̀kan ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Irin tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ilé, nítorí òun ló ń gé ojú yanrìn kó dán. Tépù mítà 30, rúlà irin, okùn, pégì mẹ́wàá. Rọ́bà omi tó mọ́ gaara, mítà 25, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáúndéṣọ̀n dọ́gba. Ike tí àwọn télọ̀ fi ń fín omi sí aṣọ. Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Mágínẹ́ẹ̀tì tí a yọ lára sípíkà àlòkù. Báàgì nylon tó nípọn fún yanrìn tí a óò kó bọ̀, àti pẹ́ńsù. Bírò máa ń pa rẹ́ bí omi bá kàn án.

Asẹ́ ilé-iṣẹ́ wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n asẹ́ gàrí àti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lè ṣe iṣẹ́ náà bí a bá ti mọ bí ihò wọn ṣe tó. Ẹ gbé rúlà lé e, ẹ ka ihò tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ yọ ìnípọn okùn kúrò. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí a mú lọ ní ihò 34 nínú sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 1.2 fún ihò kan. Kí yanrìn gbẹ dáadáa kí ẹ tó jọ̀ ọ́. Bó bá tutù díẹ̀ péré, hóró kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ńlá, asẹ́ á wá sọ pé yanrìn náà le, ìyẹn pé hóró rẹ̀ tóbi, ju bó ṣe rí lọ.

Ìwọ̀n tí a ń lò ni èyí tí Wentworth, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1922, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń lò dòní. Yanrìn bẹ̀rẹ̀ láti mílímítà 2 wá sí 0.063. Ohun tó ju 2 lọ títí dé 64, taàrá la pè é. Láti 64 dé 256, òkúta àfọwọ́gbé. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, òkúta ńlá. Lẹ́yìn yanrìn, lẹ́búlẹ́bú ló kàn títí dé 0.004, amọ̀ ló sì gbẹ̀yìn. Lẹ́búlẹ́bú àti amọ̀ kò ṣeé fi ojú yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n eyín mọ̀ wọ́n. Ẹ fi díẹ̀ péré sáàárín eyín iwájú: lẹ́búlẹ́bú á máa ha eyín, amọ̀ á yọ̀ bí òrí.

Fún ohun tí asẹ́ kò lè mú, ìgò ni. A fọ́ ilẹ̀ tó gbẹ wẹ́wẹ́, a rọ ọ́ sínú ìgò olójú gígùn dé ìdá mẹ́ta, a bu omi kún un, a fi ọṣẹ ìfọṣọ ṣíbí kékeré kan sí i, a sì mì ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, a fàlà síbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé: yanrìn nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí méjì, a tún fàlà: lẹ́búlẹ́bú. Amọ̀ lè pé ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jókòó. Ọṣẹ yẹn ṣe kókó. Láìsí i, hóró amọ̀ á so mọ́ra wọn, wọ́n á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú, ẹni tó ń wò ó á rò pé kò sí amọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Ìṣẹ́gun: ìdí àpáta, Ìdànrè

Àpáta Ìdànrè jẹ́ granite oníhóró ńláńlá. Àwọn hóró funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó tó orí àtàǹpàkò ni feldspar. Èyí tó dà bíi dígí eléérú ni quartz. Èyí tó dúdú tó ń dán ni mica. Oòrùn àti òjò ń tú hóró wọ̀nyí kúrò lára àpáta lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń jáde jẹ́ yanrìn tó rí gúngùngún, tó máa ń gún àtẹ́lẹ́sẹ̀. Irú èyí ni àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáǹdì.

Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ igbó, ewé á kọ́kọ́ gbà á, gbòǹgbò á gbà á, ilẹ̀ á mu ún. Èyí tó bá rọ̀ sórí àpáta kò rí ibi wọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti dé ìdí òkè. Ìdí nìyí tí odò kékeré ìdí àpáta fi ń hùwà bí odò aṣálẹ̀ láàárín igbó kòkó. Ní 1958, àwọn onímọ̀ odò méjì, Langbein àti Schumm, fi hàn láti inú àkọsílẹ̀ odò Amẹ́ríkà pé ibi tí odò ti ń kó ẹrù ilẹ̀ jù lọ ni ibi tí òjò ọdún wà ní nǹkan bíi mílímítà 300. Bí òjò bá kéré sí ìyẹn, omi kò tó láti wọ́ ilẹ̀. Bó bá jù ú lọ dáadáa, koríko àti igi á di ilẹ̀ mú. Ara àpáta Ìdànrè kò ní koríko tó máa di ohunkóhun mú.

Níbi tí odò ti jáde kúrò láàárín àpáta méjì sí ilẹ̀ títẹ́, ó da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí a tẹ́. Lókè, níbi ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ náà, òkúta ńlá ló wà. Ní àárín, taàrá. Ní etí ìsàlẹ̀, yanrìn fífẹ́lẹ́. Omi tó fẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè gbé ohun tó wúwo mọ́. A ti rí ohun kan náà nínú àwòrán ìdí òkè ní àwọn aṣálẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn lè fẹ̀ tó kìlómítà púpọ̀, eléyìí kò ju ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan lọ.

Igi kòkó tó wà lórí abẹ̀bẹ̀ yìí ló sọ bí yanrìn ṣe ga sí i. Ìdí igi tí ara rẹ̀ dá máa ń fẹ̀ níbi tó ti wọ ilẹ̀. Mẹ́ta nínú igi tó wà ní etí odò wọlẹ̀ gbọọrọ bí òpó iná, ìdí wọn kò fẹ̀ rárá: yanrìn ti bò ó. A fi ọwọ́ gbẹ́ ìdí ọ̀kan títí a fi kan gbòǹgbò àtètèkọ́yọ. Sẹ̀ǹtímítà 43. Òkè ibẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 15, gbòǹgbò tuntun tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ láti ara igi nítorí ti ìsàlẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ mọ́. Bí olóko bá rántí ọdún tó gbin kòkó náà, ó ti ní ìwọ̀n bí yanrìn ṣe ń ga lọ́dún. Ẹ má fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ máa ń ge gbòǹgbò tuntun wọ̀nyí kí ẹ tó rí wọn.

Ọ̀sán, a ka òkúta. Ọ̀nà tí Wolman, onímọ̀ odò, fi lélẹ̀ ní 1954 ni: ẹ máa rìn lọ lójú odò, ní gbogbo ìṣísẹ̀ ẹ wo ibòmíràn, ẹ na ìka sílẹ̀ síbi orí bàtà, òkúta tí ìka bá kọ́kọ́ kàn ni kí ẹ mú. Òkúta ní ìhà mẹ́ta: gígùn, ìbú, ìnípọn. Ìbú ni kí ẹ wọ̀n, nítorí òun ló ń pinnu ihò asẹ́ tó lè kọjá. Ẹ mú ọgọ́rùn-ún, ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, èyí tó bá wà ní ipò àádọ́ta ni ìwọ̀n àárín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ojú ń yan òkúta tó dán tàbí tó tóbi. Bí ẹni méjì bá kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìyàtọ̀ wọn ju ìdá mẹ́wàá lọ, ẹ tún un kà.

Lójú odò, ìwọ̀n àárín jẹ́ mílímítà 31. A ká ìpele òkúta òkè kúrò, a ka ti abẹ́ rẹ̀: 19. Ojú odò náà le ju inú rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.6. Nínú odò tí kì í gbẹ, ó sábà máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi kékeré tó ń ṣàn fún oṣù púpọ̀ ń ṣa yanrìn kúrò láàárín òkúta díẹ̀díẹ̀, títí òkúta á fi di bí asà lé ohun tó wà nísàlẹ̀ lórí. Odò aṣálẹ̀ kò ní asà yẹn. Àgbàrá wọn ń gbẹ kíá, kò sí omi kékeré tó máa ṣa nǹkan. Ohun tó tẹ̀lé e nìyẹn tí àwọn olùwádìí Laronne àti Reid wọ̀n ní Nahal Yatir ní Negev, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1993: odò náà ń yí taàrá lọ pẹ̀lú ìmúṣẹ́yá tó tó ìlọ́po 400 ti àwọn odò ilẹ̀ olójò tí kì í gbẹ. Odò ìdí àpáta yìí wà láàárín méjèèjì. Ó ní asà, ṣùgbọ́n asà fẹ́lẹ́ ni.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú: gbígbẹ́ ojú odò

Ibi tí a gbẹ́ wà ní nǹkan bíi kìlómítà méjì nísàlẹ̀ abẹ̀bẹ̀ àná. Odò náà fẹ̀ ní mítà 6, òkìtì yanrìn gígùn kan sì dùbúlẹ̀ láàárín rẹ̀. A gbẹ́ kòtò ní àárín òkìtì náà, ó tẹ̀lé ọ̀nà tí omi ń gbà: mítà 1.5 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, 80 ní jíjìn. Yanrìn tí ẹ bá kó jáde, ẹ dà á sí apá ìsàlẹ̀ odò, kí ó jìn sí etí kòtò ní ó kéré tán ìṣísẹ̀ méjì.

Yanrìn tó gbẹ kò lè dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá gé e, ó máa ya wálẹ̀ títí yóò fi dà gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bíi dígírì 30 sí 34. Èyí tó tutù díẹ̀ máa ń dúró, nítorí omi tó wà láàárín hóró ń fà wọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti lù ú fún wákàtí kan, ó ti tán. Nítorí náà, ẹ gé ojú kan ṣoṣo kó dán, ojú tí oòrùn kò kọ sí, kí ẹ sì fín omi sí i lóòrèkóòrè. Apá mẹ́ta yòókù, ẹ jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́. Kòtò tó bá ti dé ìbàdí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń tẹ̀ wọ̀ láti wo nǹkan. Yanrìn tó ya lé èèyàn wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ṣọ́bìrì máa ń ra ojú yanrìn pọ̀, ìlà rẹ̀ á pa rẹ́. Ẹ fi irin ìrẹ́lé ha á láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ibì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nu irin náà lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó hàn nìyí, láti òkè.

Sẹ̀ǹtímítà 0 sí 2: amọ̀ tó ti sán, ẹ̀là rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 12, etí wọn ká sókè bí ewé tó rọ. Ẹ gbé ọ̀kan, ẹ fi awò wo ìhà rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní lẹ́búlẹ́bú àti yanrìn fífẹ́lẹ́, òkè jẹ́ amọ̀ gidi. Amọ̀ ń sún kì ju lẹ́búlẹ́bú lọ bó bá ń gbẹ, ìyẹn ló fà á tí etí fi ká sókè. Bí amọ̀ bá ṣe nípọn tó ni ẹ̀là rẹ̀ ń fẹ̀ tó.

2 sí 9: yanrìn fífẹ́lẹ́ tó ṣe ebè àti aporo kéékèèké, gíga ebè kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Inú ebè kọ̀ọ̀kan ní ìlà tó dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Omi tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló ń kọ irú ebè yìí.

9 sí 41: yanrìn tó le, ìpele rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé tí a tò léra, ìpele kan nípọn ní mílímítà 3 sí 8. Ibí ni àgbàrá wà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ohun tó tẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ báyìí, omi jẹ́jẹ́ ló tẹ́ ẹ. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí omi tí kò jìn bá ń sáré tete, ó máa ń nu gbogbo ebè kúrò, yanrìn á máa sáré lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Lẹ́yìn àgbàrá ńlá tó ya Bijou Creek ní Colorado ní oṣù Òkúdù 1965, àwọn tó gbẹ́ ibẹ̀ rí i pé ìpele títẹ́ irú èyí ló pọ̀ jù lọ nínú ohun tí omi náà fi sílẹ̀. Nínú ìpele tiwa, ẹ̀rún amọ̀ tó tó èékánná wà káàkiri. Amọ̀ kì í dá wá sáàárín yanrìn líle. Ẹ̀là amọ̀ àgbàrá kan tó ti wá ṣáájú ni, èyí tí àgbàrá yìí já gbà tó sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ìpele tí amọ̀ yẹn ti wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rún wọ̀nyí nìkan ni ẹ̀rí pé ó wà rí.

41 sí 46: amọ̀ dúdú pẹ̀lú ewé jíjẹrà àti èédú. Èédú yìí, oko tí wọ́n sun lẹ́ẹ̀rùn ló ti wá, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló gbé e dé, kí igbó tó bo ilẹ̀.

46 sí 68: ìpele tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò ní dígírì 28. Ojú òkìtì yanrìn tó ń rìn ni, hóró ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń yọ̀ ṣubú níwájú. Ẹ ṣọ́ra níbí: bí kòtò kò bá tẹ̀lé ọ̀nà omi déédéé, gẹ̀rẹ́ á dà bíi pé ó kéré sí bó ṣe rí. Níbí nìkan ni kí ẹ ti gé ojú kejì tó dábùú èkíní, kí ẹ tó kọ ìwọ̀n sílẹ̀.

68 dé ìsàlẹ̀: taàrá tó fara tira bí ìpẹ́ ẹja, gbogbo wọn fì sí apá òkè odò. Bí wọ́n ṣe fì yẹn ni omi kò fi rí etí wọn gbé. Bí ẹnì kan bá mú yín lọ sí odò tó ti kú tipẹ́ tí ẹ kò sì mọ ibi tí omi ń gbà, òkúta tó fara tira báyìí á sọ fún yín: ẹ̀yìn wọn dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀.

Ìpele amọ̀ méjì, ó kéré tán àgbàrá méjì. Ẹ̀rún amọ̀ fi ẹ̀kẹta hàn. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láé pé "àgbàrá méjì ló wá". Ẹ kọ ọ́ pé "ó kéré tán". Ojú odò tó ń gbẹ máa ń jẹ ìwé tirẹ̀.

Omi yọ ní sẹ̀ǹtímítà 74, ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí náà bá aṣálẹ̀ mu. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi tó bá ti jìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ nínú yanrìn, nítorí náà odò tó gbẹ lójú ṣì lè ní omi nínú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ará Kitui àti Machakos ní Kẹ́ńyà fi ń mọ odi sí ojú odò gbígbẹ, kí yanrìn líle kún ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n lè máa fa omi nínú yanrìn náà lẹ́ẹ̀rùn. Yanrìn líle ni kí ó jẹ́. Bí lẹ́búlẹ́bú àti amọ̀ bá kún ibẹ̀, omi á wà ṣùgbọ́n kò ní jáde.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀: bí omi ṣe ga tó, bó ṣe sáré tó

Odò kan náà. Pàǹtí tí àgbàrá fi há sára igbó ni a ń wá: koríko gbígbẹ, nylon, èèpo kòkó. A wọ̀n gíga wọn sí ojú odò ní ibi mẹ́jọ. Ẹ fojú fo èyí tó há sára ẹ̀ka tó lè tẹ̀, nítorí omi ti tẹ̀ ẹ́ ba nígbà tó ń kọjá, ó sì gbéra sókè lẹ́yìn náà; pàǹtí ibẹ̀ á parọ́ pé omi ga ju bó ṣe ga lọ. Ti ara igi tó dúró gbọn-in ni kí ẹ gbà. Gíga tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ní àárín odò, 70 ní ìpíndọ́gba.

Fún gẹ̀rẹ́ odò, rọ́bà omi. A di orí kan mọ́ pégì lókè, a gbé orí kejì lọ sí mítà 20 nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ ojú omi sí ilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, ìyẹn 0.008. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú rọ́bà á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ojú tẹ̀lé rọ́bà náà láti orí dé ìdí kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì ta á níka títí afẹ́fẹ́ náà á fi jáde.

Ìṣirò Manning, èyí tí a fi ń mọ bí omi odò ṣe sáré tó, ló kù. Ìbú 6 lọ́nà jíjìn 0.7 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4.2. Gígùn ibi tí omi ti kan ilẹ̀ àti bèbè jẹ́ 7.2. Ẹ pín èkíní fún èkejì, 0.58, ẹ gbé e sí agbára ìdá méjì nínú mẹ́ta, 0.70. Gbòǹgbò onílọ́po-méjì gẹ̀rẹ́ jẹ́ 0.089. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, ẹ fi 0.035 pín in: ìwọ̀n bí ilẹ̀ odò ṣe ń fa omi sẹ́yìn nìyẹn, nítorí ojú odò oníyanrìn àti taàrá ni. Ó jẹ́ mítà 1.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí nǹkan bíi mítà kúbíìkì omi 7.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kòtò àná gbà bẹ́ẹ̀: ìpele títẹ́ yẹn kò lè wá láti ara omi tó rọra ń rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé èsì yìí gẹ́gẹ́ bí èyí tó dájú. Nígbà tí omi wà ní 90, ojú odò tí a dúró lé lónìí kò sí níbẹ̀. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, ó sì tún da yanrìn padà nígbà tó ń fà. Leopold, onímọ̀ odò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣéènì tí wọ́n gbìn lóròó sínú yanrìn ṣe àrídájú èyí ní New Mexico, Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1966. Omi náà jìn ju 90 lọ.

Ọjọ́ karùn-ún, Ẹtì: Ògbèsè

Odò Ògbèsè lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tóbi ju ohun tí a ti ń wò lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀, òkìtì yanrìn rẹ̀ ló yọ síta. Níbi tí odò ti tẹ̀, yanrìn kó jọ sí apá inú, bèbè apá òde sì já ṣánṣán. Omi ojú ń sáré lọ kọlu bèbè òde, ti ìsàlẹ̀ ń gba abẹ́ padà, ó ń wọ́ yanrìn lọ sínú. A fi mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi nylon wé ra ojú òkìtì náà. Hóró dúdú dì mọ́ ọn. Magnetite ni, èròjà àpáta tó ní irin nínú. Ó wúwo ju quartz lọ dáadáa, nítorí náà ó máa ń jókòó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí omi ti ṣa èyí tó fúyẹ́ lọ. Ẹ má gbàgbé nylon náà. Bí hóró bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì lásán, kò ní ṣeé nù mọ́.

Àwọn awayanrìn wà lẹ́nu iṣẹ́, típà méjì ń dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá wa." "Ooo. Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn o, ẹ̀yin ọmọ wa, inú rẹ̀ ti jìn." Òtítọ́ ni, a sì fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n láti etí: ó ju mítà méjì lọ. Kòtò irú èyí kì í dúró síbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Etí rẹ̀ tó wà lókè odò ni omi ń ti já wọlé, ó ń jẹ ojú odò lọ sókè lójoojúmọ́, bó bá sì kan òpó afárá, ìdí òpó ló ń tú. Ẹ̀yìn kòtò, ìsàlẹ̀ odò, omi tó ti da ẹrù rẹ̀ sínú kòtò á jáde lófìfo, ebi ẹrù á máa pa á, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bèbè. Wíwa yanrìn lórí òkìtì tó yọ síta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó jìnnà sí afárá, sàn ju kòtò kan tó jìn lọ. Òjò ọdún kan lè dí èyí tó fẹ́lẹ́.

Ọjọ́ kẹfà, Àbámẹ́ta: odò tó ń wọ Alà, Àkúrẹ́

Ọmọ odò kan láàárín ìlú, tó gbẹ, tó ń lọ sínú Alà. Páànù òrùlé, kọnkéré àti ọ̀dà títì ń ṣe fún un ohun tí àpáta ń ṣe fún ti Ìdànrè. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ní àdúgbò yìí, onílé ti fi àpò yanrìn àti búlọ́ọ̀kù fífọ́ ti bèbè.

Ẹ wo kọ́fátì. Lókè rẹ̀, yanrìn ga dé ìdajì ẹnu ihò, nítorí omi ń dúró níbẹ̀ kó tó rí àyè kọjá, omi tó bá sì dúró á gbé ẹrù sílẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ibú kan wà tó jìn ní mítà 1.1, torí omi ń fò jáde láti inú ihò tóóró, ó ń gbẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kó yanrìn kúrò lẹ́nu kọ́fátì dà á sí etí odò níbẹ̀ gan-an. Òjò kan ṣoṣo ló máa dá a padà. Kí wọ́n gbé e kọjá bèbè, ó tán.

A gé òkìtì yanrìn kan tó wà lẹ́bàá bèbè. Ní sẹ̀ǹtímítà 38, nylon pure water tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ìpele méjì, kò ká, kò dábùú ìpele. Èyí fi hàn pé omi ló tẹ́ ẹ síbẹ̀, eku tàbí ọkọ́ kò gbé e wọlẹ̀. Pure water kò tíì gbòde ṣáájú àwọn ọdún 1990. Gbogbo yanrìn tó wà lókè rẹ̀ kéré sí ọjọ́ orí yẹn. Nylon tó bá ká tàbí tó dúró lóròó, ẹ má fi ka ọdún.

Ìgò tí a mì bí a ṣe sọ lọ́jọ́ Ajé ti jókòó. Amọ̀ inú kòtò ọjọ́ kẹta, tí a gbé sínú rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú, fi ìdá márùn-ún yanrìn hàn, ìdá mẹ́rin lẹ́búlẹ́bú, ìdá mọ́kànlá amọ̀, nínú ogún.

Ọ̀sán, a gbin ṣéènì síhìn-ín, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣéènì mítà kan, a so irin ṣóńṣó mọ́ ìdí rẹ̀. A fi ṣéènì kọjá nínú páìpù irin ìnṣì kan, a fi òòlù gbá páìpù wọlẹ̀ títí orí ṣéènì fi bá ojú yanrìn dọ́gba, a sì fa páìpù jáde, ṣéènì dúró lóròó. Bí àgbàrá bá gbẹ́ yanrìn kúrò, apá tó yọ síta á dùbúlẹ̀. Bó bá da yanrìn padà, ṣéènì á wà ní títẹ̀ níbi tí gbígbẹ́ ti dé. Láti orí rẹ̀ dé ibi tó ti tẹ̀ ni ìwọ̀n gbígbẹ́, yanrìn tó bo ibi títẹ̀ náà ni ìwọ̀n dídàpadà. Nítorí àwọn tó ń ṣa irin àlòkù, a fi ihò kejì ṣe èyí tí kò níye lórí: páìpù kan náà, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù pupa tí a gún lẹ́búlẹ́bú la rọ sínú ihò. Ibi tí ìlà pupa bá ti gé ni àgbàrá gbẹ́ dé.

Ẹ má fi pégì sàmì sí i, omi á gbé e lọ. Ṣéènì: mítà 7.40 sí ìdí igi ọ̀pẹ apá ọ̀tún, 9.15 sí igun kọ́fátì. Ìlà pupa: 6.85 àti 8.70. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ tó bá kún dé ìdajì bèbè, kí wọ́n gbẹ́ ẹ láti apá ìsàlẹ̀ odò, pẹ̀lú ọwọ́.